Àbúrò Mi, Kí Áljẹ́bírà Kọ́kọ́ Dé Ọwọ́ Wọn

Sún mọ́ mi díẹ̀, àbúrò mi. Ìwọ tí o ń kọ́ SS1 àti SS2 ní ìṣirò, ìwọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. O mọ bí pírẹ́ọ̀dù tó tẹ̀ lé àkókò oúnjẹ ṣe máa ń rí: oòrùn ti mú, àwọn ọmọ ti yó, o kọ x² + 5x + 6 sójú pátákó, kíláàsì sì pa lọ́lọ́.

Kì í ṣe pé wọn ò lè ṣe é o. Àdàkọ ló sú wọn. Wọ́n á da àpẹẹrẹ kọ, wọ́n á da ìbéèrè kọ, ẹni tó wà lẹ́yìn á da ìdáhùn ẹni tó wà níwájú kọ, agogo á sì lù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ronú.

Ọgbọ́n tí mò ń lò kò le rárá. Kí ọwọ́ ọmọ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ kan nǹkan náà. Kí ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ jáde. Kí báírò wá kọ ọ́ sínú ìwé kí agogo tó lù. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni èmi kì í fi ṣeré, torí eré tí kò bá dé inú ìwé kì í pẹ́ fò lọ lórí wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn pírẹ́ọ̀dù, ti báírò ni nínú kíláàsì mi, bó ti wù kí eré náà dùn tó.

Ó yá, ká mú áljẹ́bírà ṣáájú. Wá páàkì Whot kan.

Bẹ́ẹ̀ ni, Whot tí gbogbo wa ń ta nílé. Káàdì 54 ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 14, kò sí 6, kò sí 9, Whot fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 20. Yọ àwọn 20 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Róbótó àti onígun mẹ́ta, àmì àròpọ̀ ni tiwọn. Àgbélébùú àti onígun mẹ́rin, àmì àyọkúrò. Ìràwọ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá fà á ló máa yan àmì tó wù ú.

Pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kìíní á fa káàdì méjì láìjẹ́ kí ẹlòmíràn rí i. Ká ní wọ́n fa róbótó 5 àti àgbélébùú 2: (x + 5)(x − 2) nìyẹn. Wọ́n á tú àkámọ́ náà palẹ̀ sórí bébà, x² + 3x − 10, wọ́n á sì na bébà náà sí ọ̀wọ́ kejì. Iṣẹ́ ọ̀wọ́ kejì ni láti dá a padà sínú àkámọ́, kí wọ́n sì dárúkọ káàdì méjèèjì. Bí wọ́n bá gbà á, àwọn ló ni káàdì náà.

Òfin kan wà tó ń mú eré yìí gbóná, má ṣe yọ ọ́ kúrò: bí ọ̀wọ́ tó fi bébà ránṣẹ́ bá tú àkámọ́ wọn palẹ̀ lódì, tí ọ̀wọ́ kejì sì rí àṣìṣe náà, káàdì di ti ọ̀wọ́ kejì. O ò ní gbàgbọ́ bí wọ́n á ṣe máa yẹ iṣẹ́ wọn wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí bébà tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó ń bínú bí mo bá ní kó yẹ iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ wò, òun ló ń sọ fún ọ̀wọ́ rẹ̀ níbí pé kí wọ́n dúró ná.

Àbúrò mi, etí rẹ ni kí o lò ní àkókò yìí. Rìn láàárín wọn, kí o máa gbọ́. "Iye méjì wo la máa sọ di púpọ̀ tó máa jẹ́ −10, tí a bá rò wọ́n pọ̀ kó sì jẹ́ 3?" Bí o bá gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu ọmọ tí kò jókòó síwájú, jẹ́ kí inú rẹ dùn. Ohun tí o ti kọ sójú pátákó láìmọye ìgbà ló ti di tirẹ̀ yẹn.

Nígbà tó bá ti mọ́ wọn lára, dá àwọn 20 padà sínú páàkì. Ẹni tó bá fa Whot lè fi nọ́ńbà síwájú x nínú àkámọ́ kan, kó sì fa káàdì mìíràn dípò rẹ̀. (2x + 5)(x − 2) á di 2x² + x − 10, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Tètè lọ rí ọ̀gá àgbà ṣáájú o. Ilé-ìwé mìíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí Whot nínú báàgì ọmọ, ẹjọ́ ni. Ṣàlàyé fún wọn, kí o fi bébà tí àwọn ọmọ kọ hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, gé páálí bisikíìtì sí pélébé pélébé, kí o fi máákà kọ nọ́ńbà sí i, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe.

Má da páálí tó bá ṣẹ́ kù nù, torí ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo áljẹ́bírà ló kàn.

Al-Khwarizmi ni ọ̀mọ̀wé tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Bàgídáàdì ní nǹkan bí ọdún 820. Láti inú àkọlé ìwé rẹ̀ ni orúkọ áljẹ́bírà ti jáde. Ìbéèrè kan wà nínú ìwé náà tí àwọn olùkọ́ kò tíì jẹ́ kó sinmi láti ìgbà yẹn: x² + 10x = 39. Kò lo àmì x bíi tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi kọ gbogbo rẹ̀, àwòrán onígun mẹ́rin ló sì fi yanjú rẹ̀. Ìwọ náà lè fi páálí ṣe é.

Fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní páálí onígun mẹ́rin kan tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Kí wọ́n kọ x² sí i lára. Fún wọn ní pélébé gígùn méjì, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ x, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ 5. Pélébé kan jẹ́ 5x, méjèèjì jẹ́ 10x. Sọ fún wọn pé àpapọ̀ páálí tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ 39. Wá ní kí wọ́n to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kó lè di onígun mẹ́rin ńlá kan.

Má sọ nǹkan kan mọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu á máa yún ọ, ó máa ń yún èmi náà, àmọ́ pa á mọ́. Wọ́n á to pélébé kan sápá ọ̀tún, wọ́n á to èkejì sísàlẹ̀, gbogbo wọn á sì rí i pé igun kan ṣófo. Ẹnì kan á fi ìka kan ibẹ̀. "Má, ibí yìí ò pé." Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ìwọ̀n ibi tó ṣófo. 5 lọ́nà 5 ni, 25. Bá wọn fi páálí dí i. Onígun mẹ́rin ńlá ti pé, 39 àti 25 jẹ́ 64, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 8. Ẹ̀gbẹ́ yẹn kan náà ni x + 5. Nítorí náà x jẹ́ 3.

Ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí igun yẹn kò tún ní bi ọ́ léèrè pé kí ló dé tí a fi ń dá iye tó wà níwájú x sí méjì, tí a sì ń sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti rí igun náà.

Ọ̀kan wà tí kíláàsì tó bá já fáfá á béèrè, má jẹ́ kó bá ọ lójijì. x lè jẹ́ −13 pẹ̀lú, torí (x + 5)² = 64 fàyè gba 8 àti −8. Páálí kò lè gbé ìyẹn. Al-Khwarizmi fúnra rẹ̀, 3 nìkan ló mú. Jẹ́ kí àwọn ọmọ jà á láàárín ara wọn pé kí ló dé tí àwòrán fi fi ìdáhùn kan pamọ́. Àríyànjiyàn tó dùn jù ni.

Ọjọ́ tí iná àti fáànù kò bá sí, kó wọn síta. Gbàgede ìtòlẹ́sẹẹsẹ àárọ̀ tó fún ohun tí a fẹ́ ṣe. Fi ṣọ́ọ̀kì tàbí eérú fa ìlà gbọọrọ méjì, ọ̀kan fún x, ọ̀kan fún y. Ìgbésẹ̀ kan ni ká kà sí ọ̀kan. Pe ọmọ 7, kí wọ́n tò sórí ìlà x láti −3 títí dé 3, kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà.

"Kí kálukú sọ nọ́ńbà rẹ̀ di púpọ̀ fúnra rẹ̀, kó gbé ìgbésẹ̀ tó bá rí síwájú." Ẹni tó wà ní òdo á dúró síbi tó wà. Ẹni tó wà ní 1 á gbé ìgbésẹ̀ kan. Wo ọmọ tó dúró sí −3 dáadáa, torí ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń fẹ́ gbà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti máa pariwo láti ẹ̀gbẹ́ gbàgede pé àyọkúrò lọ́nà àyọkúrò, àròpọ̀ ni o! Á yí padà, á ka 9 síwájú. Fún wọn ní okùn gígùn kan kí wọ́n dì í mú láti ìkangun dé ìkangun. Kọ́ọ̀fù y = x² ló wà nílẹ̀ yẹn, àwọn fúnra wọn ni.

Wá pàṣẹ fún wọn. "y = x² + 2!" Gbogbo wọn á sún síwájú lẹ́ẹ̀mejì, okùn á bá wọn lọ láìyí ìrísí rẹ̀ padà. "y = −x²!" Wọ́n á sáré kọjá ìlà x lọ sí òdì kejì. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n làágùn ọpọlọ díẹ̀, pe (x − 1)², kí ẹni tó wà ní −3 bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí 16 lè gbé e kọjá ọgbà. Jẹ́ kí àwọn mẹ́fà tó kù wá ibi tí wọ́n máa dúró sí fúnra wọn. Kí àwọn tó ń wòran máa ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé gíráàfù bó ṣe ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lásán.

Fún ìṣẹ́jú márùn-ún ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì, nígbà tí àwọn kan ṣì ń wọlé, mo ní àrà kan tó ń jẹ́ kí wọ́n tètè dákẹ́. "Mú nọ́ńbà kan sọ́kàn. Sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Fi 10 kún un. Pín in sí méjì. Yọ nọ́ńbà tí o kọ́kọ́ mú kúrò." Gbogbo wọn á wà ní 5. Má sọ ìdí rẹ̀. Ní kí wọ́n fi x ṣe é, kí wọ́n sì ṣe tiwọn wá lọ́jọ́ kejì láti fi dán àwọn ará ilé wọn wò.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ tiwa pátápátá, tí ìwé ìṣirò tí a ń lò kì í sábà mẹ́nu bà. Kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sójú pátákó, kí o sì ní kí wọ́n kà wọ́n ní Yorùbá: 50, 70, 90, 110, 130, 150, 170. Àádọ́ta, àádọ́rin, àádọ́rùn-ún, àádọ́fà, àádóje, àádọ́jọ, àádọ́sàn-án.

Kí ló wà nínú àádọ́ta? Ogún mẹ́ta, ẹ yọ mẹ́wàá. Àádọ́rin? Ogún mẹ́rin, ẹ yọ mẹ́wàá. Jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí ẹnì kan á fi kọ 20n − 10. Ṣé o rí i? Ìdọ́gba ni àwọn àgbà wa ń kà lójoojúmọ́ nínú ọjà. Ní kí wọ́n fi í wá 170, kí wọ́n rí i pé n jẹ́ 9. Lẹ́yìn náà, ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún sí wọn, kí wọ́n wá ìlànà tiwọn. 200n − 100 ni wọ́n máa bọ́ sí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní ìgboro kò mọ̀ ju ogún lọ ní Yorùbá. Kò burú, iṣẹ́ àmúrelé nìyẹn. Kí wọ́n bi ìyá àgbà léèrè. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Èmi kì í dúró de ìjọba kí n tó lo èdè wa láti la x yé ọmọ.

Ìdọ́gba méjì lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Gbé ọpọ́n ayò wọlé. Ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48 ni gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ ayò bá tán lójú ọpọ́n, x àti y ni iye tí àwọn méjèèjì jẹ, x + y sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 48. "Bọ́lá fi 10 ju Kúnlé lọ, mélòó mélòó ni wọ́n jẹ?" 29 àti 19. Bí ọpọ́n kò bá sí, ọ̀rọ̀ àkàrà tó. Ẹnì kan ra àkàrà 3 àti mọ́ínmọ́ín 2 ní ₦1,100, ẹlòmíràn ra àkàrà 1 àti mọ́ínmọ́ín 2 ní ₦700. Ní kí ọmọ méjì ṣe oníbàárà, kí ẹnì kan ṣe ìyá alákàrà tó kọ̀ láti dárúkọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì á yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní láìjẹ́ pé o kọ́ wọn: àkàrà méjì lé, ₦400 lé. Àkàrà kan ₦200, mọ́ínmọ́ín ₦250.

Ká bọ́ sí tirigonọ́mẹ́tírì, ibi tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń ṣú.

Ohun èlò tí mo fẹ́ kí o ní, kò wọ́n rárá. Protractor inú mátìsẹ́ẹ̀tì, òwú, nọ́ọ̀tì irin kan tí mẹkáníìkì ti jù sílẹ̀, àti ikùn báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán. Fi séló téépù lẹ ikùn báírò mọ́ ẹ̀gbẹ́ protractor tó gún régé. So òwú mọ́ àárín ẹ̀gbẹ́ náà, so nọ́ọ̀tì sí ìdí òwú kó lè máa fà á sísàlẹ̀. Ó ti tán. Bí o bá fi ojú kan yọjú nínú ikùn báírò wo orí igi, òwú á dúró lójú nọ́ńbà kan lára protractor.

Fetí sí èyí o, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀wọ́ ti máa ń ṣì í. Nígbà tí o bá di nǹkan náà mú ní títẹ́jú, 90 ni òwú máa ń wà. Nítorí náà, igun tí a ń wá ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín 90 àti nọ́ńbà tí òwú bọ́ sí. Bí òwú bá wà ní 50, igun ìgbójúsókè jẹ́ 40°. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi wo ibì kan lára ògiri tó dọ́gba pẹ̀lú ojú wọn, kí wọ́n rí 90 yẹn fúnra wọn, kí wọ́n tó jáde.

Wá fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní téèpù ìwọ̀n àti iṣẹ́ kan náà: báwo ni táǹkì omi ilé-ìwé ṣe ga tó? Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan dúró síbi tó yàtọ̀. Ọ̀wọ́ tó dúró ní mítà 12, tó sì rí 40°, á wá tan 40° nínú ìwé four-figure, 0.8391. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 12, ó lé díẹ̀ ní 10.06. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi gíga ojú ẹni tó wò ó kún un. Bó bá jẹ́ mítà 1.5, táǹkì ga tó nǹkan bíi mítà 11.6.

Ọ̀wọ́ tó dúró sí mítà 20 á mú igun mìíràn wá, iye wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ mu. Ìgbà yẹn ni mo máa ń wo ojú wọn. Igun yàtọ̀, ibi ìdúró yàtọ̀, táǹkì kan náà. Ọmọ tó rò pé inú ìwé nìkan ni tan wà á tún wo òkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí iye ọ̀wọ́ kan bá jìnnà sí ti àwọn yòókù, má tètè fagi lé e. Bi wọ́n pé kí ló fà á: ṣé ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ ni, àbí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ òwú, àbí wọ́n gbàgbé gíga ojú?

Kí o tó kó wọn wọlé, fi Ilé Cocoa ní Dùgbẹ̀ dá wọn lára yá. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, mítà 105 ni gíga tí wọ́n máa ń dá fún un. Níbo ni èèyàn máa dúró sí tó bá fẹ́ kí igun náà jẹ́ 45°? Mítà 105 gẹ́lẹ́, bí a kò bá ka gíga ojú, torí tan 45° jẹ́ 1. 60° ńkọ́? Nǹkan bíi mítà 61. 30°? Á lọ jìnnà tó mítà 182. Bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn, wọ́n á fẹ́ lọ dán an wò ní Sátidé, àwọn kan á sì lọ.

Ti sáìnì àti kósáìnì igun pàtàkì, ọwọ́ lásán ló gbà. Na ọwọ́ òsì rẹ síwájú. Àtàǹpàkò jẹ́ 0°, ìfábẹ̀lá 30°, ìka àárín 45°, èyí tó tẹ̀ lé e 60°, ọmọńdinrín 90°. Ká ní 30° lò ń wá. Ká ìfábẹ̀lá wọlé. Ka ìka tó wà lápá àtàǹpàkò: ọ̀kan. Wá √1, fi 2 pín in: sin 30° jẹ́ ½. Ka ìka tó wà lápá ọmọńdinrín: mẹ́ta. √3, fi 2 pín in: cos 30° nìyẹn. Bí o bá fẹ́ tan, fi gbòǹgbò apá àtàǹpàkò lé ti apá kejì lórí. Dán 60° wò nísinsìnyí, kí o tó ka ìlà tó kàn. Ṣé o rí i pé àwọn méjèèjì gba ipò ara wọn?

Ní kíláàsì, mo máa ń ní kí wọ́n ṣe é bí eré àtẹ́wọ́. Ọmọ kan á pe igun, ẹnì kejì á ká ìka, á dáhùn, á sì pe igun padà. Ó máa ń dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń ṣe é nínú mọ́tò bí mo ṣe ń lọ sílé.

Bearing ni àwọn ọmọ máa ń bẹ̀rù jù nínú ìdánwò WAEC, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Lọ sí pápá bọ́ọ̀lù kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kí o fi bisikíìtì kan pamọ́ sábẹ́ òkúta. Fi kọ́ńpáàsì inú fóònù rẹ ṣiṣẹ́, torí fóònù ọmọ kì í wọ ilé-ìwé. Kọ ìtọ́sọ́nà fún wọn: láti ibi òpó góòlù, rin ìgbésẹ̀ 30 ní bearing 090°, kí o rin 40 ní 180°. Bí wọ́n bá rí bisikíìtì, wọn ò tíì ní jẹ ẹ́ o. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bí òpó góòlù ṣe jìnnà sí wọn tó ní tààrà, àti bearing tí wọ́n máa bá padà. Ìgbésẹ̀ 50 ni, nǹkan bíi 323°. Kí wọ́n rìn ín padà, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n á kan òpó. Bí wọ́n bá kọ 037° fún ọ, má wí nǹkan kan, ní kí wọ́n rìn ín. Ẹsẹ̀ wọn á sọ fún wọn.

Eré ìkẹyìn kò ná nǹkan kan: fún wọn ní àṣìṣe kí wọ́n lé e mú. Kọ (x + 3)² = x² + 9 sójú pátákó, kí o sì sọ pé ẹnì kan fẹ́ fi èyí jókòó ìdánwò. Má ní kí wọ́n ka òfin fún ọ. Ní kí wọ́n fi 1 rọ́pò x: apá kan 16, apá kejì 10. Lẹ́yìn náà kọ sin(30° + 60°) = sin 30° + sin 60°. Apá kan jẹ́ 1, apá kejì lé ní 1.36. Ọmọ tó bá mọ̀ pé òun lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dán ìlà òun wò ti ní ohun tó lè bá a wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Fún SS3, lẹ ìbéèrè mẹ́wàá tó ti jáde rí mọ́ ògiri yíká kíláàsì, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan máa kúrò níbì kan bọ́ sí òmíràn. Nínú Paper 2 WAEC, ìbéèrè 13 ló wà, 10 ni wọ́n máa dáhùn: 5 tó pọn dandan, àti 5 tí wọ́n máa yàn nínú 8. Kí wọ́n fi ìrìn yìí kọ́ bí a ṣe ń yàn.

Èmi kì í fẹ́ràn eré tó jẹ́ pé ẹni tó yára jù ló ń borí. Àwọn mẹ́ta kan náà ni wọ́n á máa nawọ́ sókè, àwọn yòókù á sì pa ọpọlọ tì. Àwọn eré tí mo kà fún ọ yìí, ẹni tó rọra tó sì ṣe é ní pípé ni wọ́n ń fi ojúure hàn sí. Bí ọmọ inú kíláàsì rẹ bá tó 60, mẹ́fà mẹ́fà ni kí o pín wọn sí, kí kálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹni tó ń di nǹkan mú, ẹni tó ń wọ̀n, ẹni tó ń kọ, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n sì máa pààrọ̀.

Lórí ìpààrọ̀ yìí, jọ̀wọ́, ṣọ́ àwọn ọmọbìnrin fún mi. Bí o bá fi wọ́n sílẹ̀, báírò àti rúlà ni wọ́n máa bọ́ sí nídìí rẹ̀, ọmọkùnrin á gba protractor, á gba okùn, á gba fóònù rẹ. Má gbà. Grace Alele-Williams kọ́ ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, ní àwọn ọdún 1950, kó tó di obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé PhD, ní Yunifásítì Chicago ní 1963. Ní 1985 ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin. Olùkọ́ ìṣirò bíi tèmi tìrẹ ni. Sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, kí o sì fi ohun èlò lé ọmọbìnrin lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan náà.

Mi ò ní kí o ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan o, á rẹ̀ ọ́. Bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ìka ọwọ́, torí kò ná ọ ní kọ́bọ̀, kò sì gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́bọ̀, mú Whot wọlé. Bí o bá wá rí mẹkáníìkì lójú ọ̀nà láàárín ọ̀sẹ̀, bá mi tọrọ nọ́ọ̀tì mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀, kí o so òwú mọ́ wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.